Patrick O'Connell, Ọmọ Dublin tí ó di Don Patricio

Nínú ìwé wa yìí a sábà ń ka ìtàn ìgbésí ayé àwọn ajagun, àwọn arìnrìn-àjò àti àwọn ọ̀mọ̀wé. Ó ṣọ̀wọ́n kí á tó rí ẹni tí yóò mú kálámù láti kọ ìtàn ẹni tí ó jẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó fi ń jẹun. Síbẹ̀ kò sí ìrọ̀lẹ́ kan tí pápá ìṣeré wa kì í kún, àríyànjiyàn tí a sì máa ń ṣe lórí bọ́ọ̀lù lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ pọ̀ ju èyí tí a ń ṣe lórí ìṣirò lọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn olùkọ́ wa yóò ti jẹ́rìí sí i. Nítorí náà a bẹ ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa kí ẹ fi ara balẹ̀ bá wa ka ìtàn Patrick O'Connell, ọmọ Írẹ́lándì, ẹni tí ó gbá bọ́ọ̀lù títí ó fi di olórí ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè rẹ̀, tí ó sì tún ṣe olùkọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù ní ilẹ̀ Spéìn láti ọdún 1922 títí di ọdún 1949. Ìtàn rẹ̀ kì í ṣe ìtàn ẹni mímọ́. Ohun tí ó mú wa ronú lé e lórí ni pé ọkùnrin tí ó mú ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ńlá kan la ogun já, òun kan náà ni ó fi aya àti ọmọ sílẹ̀ tí kò sì padà sọ́dọ̀ wọn mọ́.

A bí Patrick Joseph O'Connell ní ìlú Dublin ní ọjọ́ 8 oṣù kẹta ọdún 1887. Àdúgbò Drumcondra ni ó gbé dàgbà, ní ìtòsí pápá Croke Park níbi tí àwọn ará Írẹ́lándì ti ń ṣe eré àbáláyé tí wọ́n jogún lọ́wọ́ àwọn baba wọn. Ní àkókò náà Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń jọba lórí gbogbo Írẹ́lándì, ẹgbẹ́ tí ó sì ń bójú tó àwọn eré àbáláyé wọ̀nyí ti ṣe é lófin pé ọmọ ẹgbẹ́ àwọn kò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Òfin yìí kò sì kúrò nílẹ̀ títí di ọdún 1971. Ẹ rí i pé bọ́ọ̀lù tí ọmọ Dublin bá yàn láti gbá kì í ṣe eré lásán. Ó ń fi ibi tí ọkàn rẹ̀ fà sí hàn, tàbí, ó kéré tán, ibi tí àwọn aládùúgbò yóò rò pé ó fà sí. Patrick yan bọ́ọ̀lù àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Kò pẹ́ ní ilé ìwé. Ó bọ́ sí iṣẹ́ ní ilé ìlọ-ìyẹ̀fun Boland, níbi tí ó ti ń ṣe làálàá ní ọ̀sán, tí ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké ìlú náà nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀, títí ẹgbẹ́ Belfast Celtic ní ìhà àríwá fi ránṣẹ́ pè é.

Ipò àwọn tí ń so ẹ̀yìn pọ̀ mọ́ iwájú ni ó ń gbá, ipò tí ó ń fẹ́ ẹni tí ojú rẹ̀ ríran tí ohùn rẹ̀ sì dún ketekete lórí pápá. Ní ọdún 1909 ẹgbẹ́ Sheffield Wednesday ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rà á pọ̀ mọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan, Peter Warren. Ó ti gbéyàwó nígbà náà, bẹ́ẹ̀ ni bàtà ìgbábọ́ọ̀lù di ohun tí ń bọ́ ìdílé. Ṣùgbọ́n Sheffield kò rí i lò bí ó ti fẹ́. Nínú ọdún mẹ́ta tí ó lò níbẹ̀, eré tí ó gbá nínú líìgì kò tó 20. Ní ọdún 1912 ó kọjá sí ẹgbẹ́ Hull City nínú ìsọ̀rí kejì, níbẹ̀ ni irúgbìn náà sì ti hù.

Kí á tó lè mọ iyì ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1914, ó yẹ kí á rántí ibi tí Írẹ́lándì ti ń bọ̀. Ní ọdún 1882, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé Gẹ̀ẹ́sì, góòlù 13 ni a jẹ wọ́n láìdá ẹyọ kan padà. Ní ọdún 1884 àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́rin tí ó wà lábẹ́ adé kan náà, Gẹ̀ẹ́sì, Skọ́tlándì, Wélsì àti Írẹ́lándì, bẹ̀rẹ̀ ìdíje tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún láàárín ara wọn. Ọdún ń gorí ọdún, Írẹ́lándì kò gbà á. Ní ọdún 1903 ni wọ́n bá Gẹ̀ẹ́sì àti Skọ́tlándì pín in, mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta. Ṣùgbọ́n oyè tí ènìyàn mẹ́ta pín, a kò lè pè é ní oyè tán.

Ní ọdún 1914 yìí O'Connell ni balógun ẹgbẹ́ náà. Ní oṣù kìíní wọ́n lọ sí Wrexham, wọ́n sì fi góòlù 2 sí 1 ṣẹ́gun Wélsì. Ní ọjọ́ 14 oṣù kejì wọ́n bá Gẹ̀ẹ́sì ní ìlú Middlesbrough, nínú ilé Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, wọ́n sì jẹ ẹ́ ní góòlù 3 láìgba ẹyọ kan. Bill Lacey jẹ 2, Billy Gillespie jẹ 1. Ó ku Skọ́tlándì, tí wọn yóò bá pàdé ní Belfast ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta. Láyé ìgbà náà kò sí pé a ń fi ẹlòmíràn rọ́pò ẹni tí ó bá farapa: mọ́kànlá tí o bá mú wọlé ni mọ́kànlá tí o ní. Aṣọ́lé Írẹ́lándì farapa, William McCracken sì ní láti fi ẹ̀yìn sílẹ̀ kí ó lọ dúró sí ojú ilé. O'Connell pàápàá fi apá pa, kò sì jáde kúrò lórí pápá. Skọ́tlándì ni ó kọ́kọ́ jẹ góòlù. Nígbà tí eré ń lọ sópin ni Samuel Young dá a padà, wọ́n sì gbá ọ̀mì, 1 sí 1. Ọ̀mì náà ti tó. Írẹ́lándì nìkan ṣoṣo ni ó gba ìdíje náà, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọgbọ̀n ọdún tí a ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọmọ Kátólíìkì láti Dublin ni ó ṣe balógun, àárín wọn sì ni Pùròtẹ́sítáǹtì àti Kátólíìkì ti jọ wọ aṣọ kan, ní ọdún tí àwọn ìsọ̀rí méjèèjì ń kó ìbọn jọ ní ilẹ̀ wọn nítorí ọ̀ràn ìjọba ara-ẹni. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn èyí Írẹ́lándì pín sí méjì, bọ́ọ̀lù rẹ̀ náà sì pín.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́gun yìí, Manchester United san pọ́n-ùn 1,000 fún Hull lórí rẹ̀, owó ńlá ní àkókò náà, wọ́n sì fi í ṣe balógun. Ìbá dára bí a bá lè sọ pé ògo kò dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹjọ ọdún 1914 kan náà ni ogun àgbáyé kìíní bẹ́ sílẹ̀. Wọ́n gbá líìgì ọdún náà tán, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ń kú ní ilẹ̀ Faransé, tí àwọn ìwé ìròyìn sì ń bú àwọn agbábọ́ọ̀lù pé wọ́n ń ṣeré nígbà tí ẹgbẹ́ wọn ń jagun. Gbogbo wọn mọ̀ pé bí sáà náà bá parí, líìgì yóò dáwọ́ dúró, owó oṣù yóò sì dáwọ́ dúró pẹ̀lú rẹ̀. Pọ́n-ùn 4 tàbí 5 lọ́sẹ̀ ni ó pọ̀ jù tí òfin gbà kí a san fún agbábọ́ọ̀lù, a kò sì tíì rí ẹni tí ó fi irú owó bẹ́ẹ̀ kọ́ àká.

Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1915, ọjọ́ Ẹtì Rere, Liverpool wá sí Old Trafford láti bá Manchester United gbá. United ń bẹ ní ìsàlẹ̀ tábìlì, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n pé àwọn yóò bọ́ sí ìsọ̀rí kejì. George Anderson jẹ góòlù 2, eré sì parí sí 2 sí òdo. Títí dé ibẹ̀ kò sí ohun àjèjì. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ń wòran rí i pé àwọn kan láàárín Liverpool ń gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni tí oorun ń kùn. Wọ́n sì rí i pé nígbà tí Fred Pagnam ti Liverpool gbá bọ́ọ̀lù lu igi òkè ilé, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fúnra wọn ni ó bínú sí i. Nínú eré náà United rí pẹ́nárítì gbà. O'Connell, balógun, ni ó gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ tí ó gbá a, bọ́ọ̀lù náà sì gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá láìsún mọ́ òpó.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi tú jáde. Àwọn olówó tẹ́tẹ́ ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ owó ni a ti kó sílẹ̀ káàkiri ìlú lórí iye kan ṣoṣo, 2 sí òdo, èyí tí wọ́n ti ṣèlérí pọ́n-ùn 7 sí 1 fún ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n. Ẹgbẹ́ aláṣẹ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìwádìí, nígbà tí ó sì di oṣù kejìlá wọ́n kéde ìdájọ́: àwọn agbábọ́ọ̀lù 7 ti ta eré náà kí a tó fọn fèrè rẹ̀, a sì lé wọn kúrò nínú bọ́ọ̀lù títí ayé wọn. Mẹ́rin wá láti Liverpool: Jackie Sheldon, Tom Miller, Bob Pursell àti Tom Fairfoul. Mẹ́ta wá láti United: Sandy Turnbull, Arthur Whalley àti Enoch West. Turnbull kú sí ojú ogun ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1917. Lẹ́yìn ogun, ní ọdún 1919, a dárí ji àwọn yòókù, àfi West nìkan, ẹni tí ó gbé ọ̀ràn náà lọ sí ilé ẹjọ́ tí ó sì jẹ̀bi; a kò mú ìjìyà kúrò lórí tirẹ̀ títí di ọdún 1945, nígbà tí ó ti di arúgbó. Pọ́ìntì tí United sì rí nínú eré yìí ni ó gbà wọ́n lọ́wọ́ ìṣubú: pọ́ìntì 30 ni wọ́n fi parí sáà, Chelsea tí ó wà lábẹ́ wọn ní 29.

Orúkọ O'Connell kò sí nínú àwọn méje náà. Òfin kò rí ẹ̀sùn kà sí i lọ́rùn, a kò sì ní ẹ̀tọ́ láti ṣe onídàájọ́ ju àwọn tí wọ́n gbọ́ ẹ̀rí lọ. Ṣùgbọ́n níwọ̀n bí ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa yóò ti béèrè ohun tí àwa rò, a kò ní fi pa mọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Balógun tí mẹ́ta nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ jọ pilẹ̀ irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ sì gbá irú pẹ́nárítì bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ náà, ó ṣòro fún wa láti gbà pé etí rẹ̀ di. Bí ó bá mọ̀ tí kò bá owó náà jẹ, ẹ̀bi dídákẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Àwọn kan láàárín wa tí a jọ sọ ọ́ kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí ó bá ti gbá bọ́ọ̀lù rí mọ̀ pé pẹ́nárítì a máa ṣèèṣì lọ, àti pé ọjọ́ kan kò tó láti ṣe ìdájọ́ ènìyàn. A fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún yín.

Àwọn ọdún ogun ń lọ, ó ń gbá bọ́ọ̀lù níbi tí wọ́n bá ti pè é. Lẹ́yìn ogun ó lo sáà kan ní Dumbarton ní Skọ́tlándì, ó sì ti ibẹ̀ lọ sí Ashington, ìlú àwọn awakùsà èédú ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù tí ó sì tún ń ṣe alákòóso. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́ iṣẹ́ tí a fi mọ̀ ọ́n lẹ́yìn náà. Ó ti di ẹni ọdún 35 nígbà náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti ń rọ̀.

Ní ọdún 1922 ó lọ. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, ṣùgbọ́n ó wúwo. Aya rẹ̀ àti ọmọ mẹ́rin wà ní Manchester. O'Connell wọ ọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ Spéìn, kò sì bá wọn gbé mọ́ títí ó fi kú. Owó a máa wá nínú àpòòwé láti ìgbà dé ìgbà, nígbà mìíràn kì í wá. Àwọn ọmọ náà dàgbà láìmọ irú iṣẹ́ tí baba wọn ń ṣe dáadáa, tàbí bí òkìkí rẹ̀ ti tó ní ìlú òkèèrè. Àwọn àgbà wa a máa wí pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọkùnrin yìí kó ẹ̀ṣọ́ jáde, ó sì fi ilé sílẹ̀ ní òfìfo.

Ìlú tí ó gúnlẹ̀ sí ni Santander, ìlú èbúté ní etí òkun àríwá Spéìn, láti jẹ́ olùkọ́ ẹgbẹ́ Racing. Òyìnbó kan tí ń jẹ́ Fred Pentland, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀ kí ó tó lọ sí Bilbao. Bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Spéìn ní àkókò náà kún fún ìtara ju ètò lọ; kò tilẹ̀ sí òfin tí ó gbà kí a san owó fún agbábọ́ọ̀lù ní gbangba títí di ọdún 1926. O'Connell kọ́ wọn ní ohun tí ó ti rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: pé kí ara le kí eré tó dùn, àti pé àwọn tí ń ṣọ́ ẹ̀yìn níláti máa rìn pọ̀ bí ẹni tí a so okùn kan náà mọ́ ní ìbàdí. Ọdún méje ni ó lò pẹ̀lú wọn. Nígbà tí a fẹ́ dá líìgì orílẹ̀-èdè Spéìn sílẹ̀, àyè 10 ni a ṣí; 9 nínú wọn ti ní olóhun, a sì ní kí àwọn yòókù bá ara wọn jà fún ẹyọ kan tí ó kù. Racing àti ẹgbẹ́ Sevilla ni ó kù sẹ́yìn. Wọ́n gbá a títí ó fi di ẹ̀ẹ̀mẹta kí Racing tó borí. Báyìí ni ẹgbẹ́ ìlú kékeré náà ṣe wà lára àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ líìgì ní ọdún 1929. Òótọ́ ni pé ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n parí sí ní sáà àkọ́kọ́ náà, tí wọ́n sì tún ní láti bá Sevilla kan náà jà kí wọ́n má bàa jáde; wọ́n sì tún borí.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ní Oviedo, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí gúúsù, sí ìlú Seville, níbi tí oòrùn ti ń mú bí ti ilẹ̀ wa. Ẹgbẹ́ Betis ni ó gbà á. Ẹgbẹ́ méjì ni ó wà ní ìlú náà, Sevilla àti Betis, ọ̀tá ara wọn sì ni wọ́n. Ní ọdún 1932 Betis di ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ láti ẹkùn Andalusia tí ó wọ ìsọ̀rí kìíní, kò sì sí ẹni tí ó rò pé wọn yóò ṣe ju kí wọ́n má ṣubú lọ. Ibẹ̀ ni a ti ń pe O'Connell ní Don Patricio, orúkọ ọ̀wọ̀ bí ìgbà tí àwa bá pe ènìyàn ní Bàbá.

Ohun tí Don Patricio ṣe kò ṣòro láti sọ, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti ṣe. Ó mọ ìhà àríwá láti ọdún pípẹ́, ó sì mọ̀ pé àwọn ọmọ Basque le lára, wọn kì í sì í fi iṣẹ́ ṣeré. Mẹ́fà nínú wọn ni ó wà nínú ẹgbẹ́ rẹ̀: Urquiaga aṣọ́lé, Areso àti Aedo tí wọ́n dúró níwájú rẹ̀, Larrinoa, Lecue, àti Unamuno tí ń jẹ góòlù. Ó da wọ́n pọ̀ mọ́ àwọn ọmọ Seville tí ẹsẹ̀ wọn yá tí bọ́ọ̀lù sì ń gbọ́ tiwọn. Ní sáà ọdún 1934 sí 1935, eré 22 ni wọ́n gbá; wọ́n ṣẹ́gun ní 15, wọ́n gbá ọ̀mì 4, 3 péré ni wọ́n sì pàdánù. Góòlù 19 ni ó wọ ilé Urquiaga ní gbogbo sáà náà. Ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó bá ti ṣọ́lé rí yóò mọ ohun tí nǹkan wọ̀nyí túmọ̀ sí.

Nígbà tí ó di ọjọ́ tí ó kẹ́yìn, ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 1935, pọ́ìntì kan ṣoṣo ni ó wà láàárín Betis àti ẹgbẹ́ Madrid tí ń tẹ̀lé wọn. Ibo sì ni Betis yóò ti gbá eré ìkẹyìn? Ní Santander ni, lọ́dọ̀ Racing, ẹgbẹ́ tí O'Connell fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ fún ọdún méje. Betis jẹ góòlù 5 níbẹ̀ láìgba ẹyọ kan. Pọ́ìntì 34 ni wọ́n fi gba líìgì, Madrid ní 33. Láti ìgbà náà wá Betis kò tíì tún gba líìgì náà. Ní Seville, a ṣì ń ka orúkọ àwọn mọ́kànlá wọ̀nyí bí ẹni ka oríkì.

Barcelona kò jẹ́ kí ó pẹ́. Ní ọdún 1935 yìí kan náà wọ́n pè é, ó sì mú Areso lọ́wọ́ lọ. Ní ọdún kìíní wọ́n gba ìdíje ẹkùn Catalonia, wọ́n sì dé eré àṣekágbá ti ife orílẹ̀-èdè ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 1936. Madrid fi 2 sí 1 borí wọn. Lecue, ọmọ ẹ̀yìn O'Connell ní Betis, wà lára àwọn tí ó jẹ wọ́n. Kò tó oṣù kan lẹ́yìn èyí tí àwọn ọ̀gágun dìtẹ̀ sí ìjọba, tí ogun abẹ́lé sì gba gbogbo ilẹ̀ Spéìn.

Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ àwọn ọmọ ogun Franco mú Josep Sunyol, ààrẹ ẹgbẹ́ Barcelona, ẹni tí ó tún jẹ́ aṣòfin, ní ẹ̀bá òkè Guadarrama, wọ́n sì pa á. Àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ náà gba ìṣàkóso rẹ̀ sí ọwọ́ ara wọn kí ẹlòmíràn má bàa gbà á. Owó kò wọlé, àwọn tí ń san owó ẹgbẹ́ ti lọ sí ojú ogun. Àjèjì ni O'Connell, ó ní ìwé ìrìnnà tí ó lè gbé e jáde ní ọjọ́ tí ó bá wù ú; kò sí ẹni tí ìbá bú u bí ó bá lọ. Kò lọ. Òun tí ó ti fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ ní àkókò àlàáfíà, ó dúró ti ilé àwọn ẹlòmíràn ní àkókò ogun. A ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò síwá sẹ́yìn, a kò rí bí a ti lè fi èkejì pa èkínní rẹ́.

Ní ọdún 1937 oníṣòwò kan ránṣẹ́ láti ilẹ̀ Mẹ́síkò pé kí Barcelona wá gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, òun yóò san dọ́là 15,000, òun yóò sì gbọ́ bùkátà wọn. Agbábọ́ọ̀lù 16 ni ó lọ. Àwọn tí ó sì bá wọn lọ ni O'Connell, dókítà kan, Àngel Mur tí ń wọ́ wọn lára, àti Rossend Calvet, akọ̀wé, tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù ní Mẹ́síkò títí òjò ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn òyìnbó fi kọjá, wọ́n sì tún gbá ní New York ní oṣù kẹsàn-án. Gbogbo ibi tí wọ́n dé ni èrò ti ń pé jọ, nítorí pé ìjọba Mẹ́síkò ń ṣàánú àwọn tí Franco ń bá jà. Ṣùgbọ́n ìròyìn tí ń tọ̀ wọ́n wá láti ilé burú lójoojúmọ́. Nígbà tí ó tó àkókò láti padà, olúkúlùkù ní láti yan. Mẹ́sàn-án dúró ní Mẹ́síkò, mẹ́ta dúró ní ilẹ̀ Faransé. Martí Ventolrà wà lára àwọn tí ó dúró ní Mẹ́síkò. Ó fẹ́ ọmọ ìdílé ààrẹ ilẹ̀ náà, ọmọ tí ó sì bí gbá bọ́ọ̀lù fún Mẹ́síkò nínú Ife Àgbáyé ọdún 1970, bí baba rẹ̀ ti gbá fún Spéìn ní ọdún 1934. Agbábọ́ọ̀lù mẹ́rin péré ni ó padà sí Barcelona. O'Connell bá wọn padà.

Owó náà ńkọ́? Calvet kò gbé e wọ Spéìn. Ó fi í pamọ́ sí báńkì kan ní Paris, níbi tí ọwọ́ ìhà kejì kò lè tó o, òun ni a sì fi san gbèsè ẹgbẹ́ náà. Ní oṣù kẹta ọdún 1938 bọ́ǹbù bọ́ lu ilé ìpàdé ẹgbẹ́ náà ní Barcelona. Ní oṣù kìíní ọdún 1939 àwọn ọmọ ogun Franco wọ ìlú náà. Ilé ti wó, agbábọ́ọ̀lù ti fọ́nká, ààrẹ ti kú, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà kò kú, nítorí pé gbèsè kò rí i pa.

Àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé èyí kò ní gba àkókò wa púpọ̀. O'Connell padà sí Betis, ó sì bá ẹgbẹ́ tí ogun ti sọ di ahoro. Ní ọdún 1942 ó ré ọjà kọjá lọ sọ́dọ̀ Sevilla, ọ̀tá àtijọ́, ó sì mú wọn gba ipò kejì ní líìgì ní ọdún 1943. Ó tún padà sí Santander láti ọdún 1947 títí di ọdún 1949, lẹ́yìn èyí tí a kò gbọ́ pé ó kọ́ ẹgbẹ́ kankan mọ́. Ní àárín àkókò wọ̀nyí ó ti fẹ́ obìnrin mìíràn, ọmọ Írẹ́lándì kan tí ń ṣiṣẹ́ ní Spéìn, bẹ́ẹ̀ ni aya àkọ́kọ́ ṣì wà láàyè ní Manchester, kò sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti dàgbà, ó wá baba rẹ̀ rí ní Seville. Baba náà gbà á lálejò, ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi í han àwọn ènìyàn, ọmọ ẹ̀gbọ́n ni ó pè é. Nínú gbogbo ohun tí a kà nípa ọkùnrin yìí, àti pẹ́nárítì Manchester pàápàá, kò sí èyí tí ó dùn wá tó èyí.

Owó tán. Ní àárín àwọn ọdún 1950 ó fi Spéìn sílẹ̀ lọ sí London, ó fara pamọ́ sọ́dọ̀ arákùnrin rẹ̀, owó ìrànwọ́ ìjọba ni ó sì ń jẹ. Àwọn tí wọ́n ń bá a pàdé ní òpópónà ní agbègbè St Pancras kò mọ̀ pé arúgbó tí aṣọ rẹ̀ ti gbó yìí ni Don Patricio. Ó kú ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 1959, ní ẹni ọdún 71, òtútù àyà ni ó pa á. Wọ́n sin ín sí ìtẹ́ òkú àwọn Kátólíìkì, St Mary, ní Kensal Green, láìsí òkúta tàbí orúkọ lórí ibojì náà.

Ó wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún 57. Àwọn ìbátan rẹ̀ àti àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìtàn rẹ̀ rí, tí wọ́n sì ń dá owó jọ. Ní ọdún 2014 a lẹ àmì ìrántí mọ́ ilé tí ó ti gbé ní Drumcondra, ní ọdún 2016 a sì gbé òkúta kalẹ̀ lórí ibojì rẹ̀ ní Kensal Green, a kọ orúkọ rẹ̀ sí i.